Ìlà Kẹtàdínlógún

Ẹ̀rù kọ̀ǹpútà kò bà mí rí títí di ọ̀sán ọjọ́ tó gbé orúkọ ọmọ mi síwájú mi, tó ní ọmọ náà ní ikọ́ ife. Kí n tó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé ìgbéraga wà lára mi nígbà náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ni. Àwa tí à ń wo Ìlọrin fún ohun gbogbo tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ká yíjú sí Lọ́kọ́ja. Ìdajì ìwé wa ṣì wà ní Ìlọrin, àga kò kárí wa, ẹni tó bá sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, ojú fèrèsé ló máa jókòó sí. Nínú àìní yẹn ni kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo dé sí ọ́fíìsì ètò ìlera tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ní Kabba, èmi ni wọ́n sì rán lọ kọ́ ọ fún oṣù kan gbáko. Nígbà tí mo padà dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Kọ̀ǹpútà. Wọ́n fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ ni, èmi gbà á bí oyè. Mo rán aṣọ tí mo fi ń bò ó, mo sì ń lé ẹnikẹ́ni tó bá gbé ife omi sún mọ́ ọn.

Abúlé wa wà lọ́nà Kiri. Ibẹ̀ ni ìyá mi ń gbé, tí à ń pè ní Iye. Ibẹ̀ náà ni ọmọ mi kan ṣoṣo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá, nítorí bàbá rẹ̀ ti kú, yàrá tí mo sì gbà ní Kabba, bí mo bá na ẹsẹ̀ nínú rẹ̀, ó kan ìkòkò. Ẹni kẹta nínú ilé ni ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin. Àbúrò mi yìí ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìhà Jọ́ọ̀sì lọ wa kùsà nígbà tí oyún ìyàwó rẹ̀ ṣì kéré. Oyún náà ti di ọmọ, ọmọ náà ti ń rá, a kò gbúròó bàbá rẹ̀. Iye ń kírun, èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó àbúrò mi ń bá wa ṣe méjèèjì, nítorí ó ní òun kò mọ ilẹ̀kùn tí ọkọ òun máa gbà wọlé.

Nígbà tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, bàbá àgbà kan ní agbolé tó tẹ̀ lé tiwa kú. Ó ti ń wúkọ́ láti ọdún tó ṣáájú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni a tó mọ̀ pé ikọ́ ife ni. Ọ́fíìsì wa ní kí a yẹ gbogbo àdúgbò náà wò, gbogbo ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nítorí pé mo jẹ́ ọmọ ibẹ̀, èmi ni ọ̀gá mi rán. Ọmọ ìlú Iyara ni ọ̀gá yìí, ènìyàn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ìgbàgbọ́ nínú ẹ̀rọ ju bí mo ti ní in lọ. Ó máa ń sọ pé, "Ènìyàn ló ń gbàgbé, ẹ̀rọ kì í gbàgbé."

Iṣẹ́ náà kò le. Mo ní ìwé gbọọrọ kan tí mo ti fa ìlà sí, tí mo sì ti kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan láti orí ọ̀kan dé orí mẹ́tàlélógójì. Bí mo bá ti kọ orúkọ ẹnì kan síwájú nọ́ńbà, màá fún un ní ike kékeré onídèérí tí nọ́ńbà kan náà wà lára rẹ̀, kó ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀ láàárọ̀. Nọ́ńbà nìkan ló ń lọ sí ilé àyẹ̀wò, orúkọ kì í lọ, kí àṣírí aláìsàn má baà tú. Àwọn ará abúlé ń wò mí bí ẹni tó wá gba owó orí. Obìnrin kan tiẹ̀ ní òun kò rí i rí kí wọ́n rán akọ̀wé ìjọba wá gba itọ́.

Nígbà tí mo dé agbolé wa, mo kọ Iye sí ìlà kẹrìndínlógún. Mo fẹ́ kọ ìyàwó àbúrò mi tẹ̀ lé e, Iye di ọwọ́ mi mú.

"Ọkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Iye, kò sí nílé. Ta ló máa bá a tutọ́ sínú ike?"

"Mo mọ̀ pé kò sí nílé. Fi àyè rẹ̀ sílẹ̀."

"Iye, iṣẹ́ ìjọba nìyí."

"Haba! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. O ti kà wọ́n, mi ò bá ọ jà. O tún wá fẹ́ fo ọ̀kan. Má kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àìsàn, ṣùgbọ́n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, kó tó kan ìyàwó rẹ̀."

Ní ilé wa, bí ẹnì kan bá wà lájò, tí a bá ń pín iṣu tuntun tàbí ẹran, a máa ń yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀. Ọmọdé lè jẹ ẹ́ bó bá yá, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ọ́. Ẹni tí a kò bá yọ tirẹ̀ mọ́, a ti kà á mọ́ òkú nìyẹn. Mo wo ojú Iye, mo rí i pé bí mo bá fo ọmọ rẹ̀, kò ní í sùn. Mo bá fi ìlà kẹtàdínlógún sílẹ̀ lófìfo. Mo kọ ìyàwó àbúrò mi sí ìkejìdínlógún, mo kọ ọmọ mi sí ìkọkàndínlógún. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ̀kàndínlógún sára ike ọmọ mi, mo sì tún kọ ọ́ sára káàdì àyẹ̀wò tí mo fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dà mí láàmú pé kí n jẹ́ kí òun kọ ọ́ fúnra òun.

Ó pé bí ọ̀sẹ̀ méjì kí èsì tó dé nínú díìsìkì kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Gbogbo ọ́fíìsì ló wá dúró sẹ́yìn mi. Mo ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ, mo ki díìsìkì bọ̀ ọ́, mo kó fáìlì ilé àyẹ̀wò wọlé sí ẹ̀gbẹ́ fáìlì tèmi tí mo ti tẹ̀ sílẹ̀. Fáìlì tèmi ní orúkọ, tiwọn ní èsì: òdo fún ẹni tí kò ní àrùn, ọ̀kan fún ẹni tó ní in. Mo ní kí ẹ̀rọ so wọ́n pọ̀, ìlà mọ́ ìlà. Kíá ló ṣe é. Mo fi mẹ́wàá àkọ́kọ́ wé ìwé ọwọ́ mi, wọ́n bára mu rẹ́gí. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mo rí ìlà kan tó ṣẹ́kù, tó ní òdo ṣùgbọ́n tí kò ní orúkọ. Mo rò pé ìdọ̀tí ilé àyẹ̀wò ni, mo bá pa á rẹ́. Àwọn ènìyàn ń wò mí, n kò fẹ́ kí wọ́n rí ìdọ̀tí.

Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló ní ọ̀kan. Mo fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà lọ sí ibi orúkọ. Ọmọ mi ni.

Ẹnì kan lẹ́yìn mi sọ pé, "Ṣé kì í ṣe..." ọ̀gá mi sì ní kí gbogbo wọn jáde. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Bàbá àgbà yẹn ni mò ń rí, bó ṣe máa ń di ògiri mú bí ikọ́ bá gbé e, tí èjìká rẹ̀ méjèèjì ti yọ bí orí àga. Mo gbìyànjú láti gbé orí ọmọ mi sórí èjìká yẹn, mo sì fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá mi ní oògùn wà, ó ní ikọ́ ife kì í pa ẹni tó bá tètè lo oògùn. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò sí ní Kabba. Lọ́kọ́ja ló ti máa wá, wọ́n sì ní kí a dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo lọ sí abúlé lọ́jọ́ kejì. A kó ọmọ náà sí yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó iṣu sí, a ya àwo rẹ̀ àti ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Ọmọ náà ń wò wá, ó ń béèrè pé kí ni òun ṣe. Iye jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà ń yí lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló máa wá máa wọlé tọ̀ ọ́? Iye ti dàgbà, èmi gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ kí oògùn náà tó lè jáde. Ìyàwó àbúrò mi kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ nílẹ̀.

Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ̀yin ẹ máa lọ. Èmi wà níbẹ̀."

Mo ní, "Ọmọ ọwọ́ ńkọ́?"

"Màá máa fọwọ́ kí n tó gbé e. Àwọn dókítà yín ti yẹ̀ mí wò, wọ́n ní mi ò ní nǹkan kan. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ló yẹ kó tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ kò dá."

Mo dúpẹ́ títí ẹnu mi fi gbẹ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mò ń lọ sílé, ẹ̀rù sì ń bà mí láti ìgbà tí mo bá ti wọ ọkọ̀ títí dìgbà tí mo bá gbóhùn ọmọ náà. Bí ó bá sín, àyà mi á já. Bí ó bá dákẹ́, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀, màá fi ìborùn bo imú, màá ju súìtì sí i lórí ẹní bí ẹni ń ju ọkà fún adìyẹ. Ìyàwó àbúrò mi ni mo máa ń rí nínú yàrá lọ́hùn-ún, tó ń fọwọ́ bọ́ ọmọ náà lóúnjẹ, tó ń yọ egungun ẹja fún un, tó ń dì í nírun. Òun náà ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní èéfín ni, mo sì gbà pé èéfín ni. Ẹ̀rọ ti sọ pé kò ní nǹkan kan.

Oògùn dé. Wọ́n ní kí n fi nọ́ńbà ike kún káàdì oògùn ọmọ náà. Mo tẹ orúkọ wọn jáde láti inú kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ da nọ́ńbà rẹ̀ kọ. Èjìdínlógún ni mo rí níwájú orúkọ ọmọ mi. Mo mú káàdì tí mo ti fún un ní abúlé, èyí tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ wá. Ọ̀kàndínlógún. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, mo mọ ìrù ẹsàn-án mi. Mo wo ọ̀kan, mo wo èkejì. Mo sáré lọ gbé ìwé gbọọrọ jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ibẹ̀ ni ìlà kẹtàdínlógún wà, lófìfo, bí Iye ṣe ní kí n fi í sílẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ náà ṣe rèé. Bí o bá kó fáìlì wọlé sínú rẹ̀, tí o kò sì sọ fún un pé nọ́ńbà tí o kó wá ni kó máa fi pe ìlà kọ̀ọ̀kan, kò ní í bi ọ́ léèrè. Yóò ti nọ́ńbà tìrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà fúnra rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ìlà tí kò bá sì lórúkọ, yóò fò ó bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Ó fo àbúrò mi. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo orúkọ sún sókè ní ẹsẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ilé àyẹ̀wò kò fo nọ́ńbà kankan. Wọn kò rí ike kẹtàdínlógún, wọ́n kàn kọ òdo síwájú rẹ̀. Èsì kò sún, orúkọ ló sún. Gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀ ìlà yẹn ló gba èsì ẹni tó ṣáájú rẹ̀, èsì tó kẹ́yìn sì ṣẹ́kù láìní olúwa. Òun ni mo pè ní ìdọ̀tí. Nítorí pé mẹ́rìndínlógún àkọ́kọ́ tọ̀nà, tí nọ́ńbà ẹ̀rọ sì jọ nọ́ńbà tiwa bí ìbejì, kò sẹ́ni tó fura.

Mo pe ọ̀gá mi. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, ó wo ìwé náà pẹ́. Ó ní, "Tún un ṣe lójú mi. Má kánjú." A pa ohun gbogbo rẹ́, a bẹ̀rẹ̀ látòkè. Lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó kó fáìlì kankan wọlé, mo pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà pé nọ́ńbà ara ike ni orúkọ ìlà, kò gbọdọ̀ ka tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ so ìlà mọ́ ìlà àfi bí nọ́ńbà méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà. Mo kọ "kò sí nílé" sí ìlà kẹtàdínlógún kí ó má baà rí ibi fò. Láti ọjọ́ náà, bí a ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì wa nìyẹn; mo kọ ọ́ sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lókè ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ náà, àṣìtẹ̀ mi ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.

Ìlà kọkàndínlógún jáde. Òdo.

Mo fò sókè. Mo kígbe "Ọlọ́run, o ṣé o!" tí àwọn tó wà níta fi sáré wọlé. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo di ọ̀gá mi lápá mú, èmi tí n kì í lè wo ojú rẹ̀ tààrà. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń wo ojú ẹ̀rọ.

Ó ní, "Ta ni èjìdínlógún?"

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu mi. Mo ti mọ̀ kó tó béèrè, ṣùgbọ́n mo ti fi ayọ̀ bo ojú ara mi. Àyè tí Iye fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, nítorí ìfẹ́, òdo àyè yẹn ló bọ́ sórí ìyàwó àbúrò mi, ó sì bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń fún ọmọ ọwọ́ lọ́mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ti ọmọ mi tí kò ṣàìsàn mọ́ yàrá kan pẹ̀lú ẹni tó ń ṣàìsàn, tí mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá rí ikọ́ èéfín náà bó ti rí.

Ọ̀gá mi fún mi ní oògùn, ó ní kí gbogbo ará ilé wa tún ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kí wọ́n sì gbé ọmọ ọwọ́ wá fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ kejì. Mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ ọjà. Kí ẹ má baà máa bẹ̀rù jù pẹ̀lú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí pé kò sẹ́ni tó kú nínú wọn. Ṣùgbọ́n èmi kò mọ̀ lọ́jọ́ náà. Orí àpò gbágùúdá ni mo jókòó sí, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ, gbogbo èyí tí mo bá rí ló dà bí èébú. Ṣé kí n sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é? Ṣé kí n sọ pé Iye ló ṣe é? Èmi ni mo pa ìlà tó ṣẹ́kù rẹ́.

Ọ̀sán gangan ni mo dé. Ìyàwó àbúrò mi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọmú. Ọmọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó ń yọjú.

"Okun o, ọkọ mi. Ẹ tètè dé lónìí. Ṣé oògùn ọmọ wa ti dé?"

Mo kí i padà, "Okun o. Ó ti dé." Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi tó jẹ́ pé òun ló yẹ kó kúnlẹ̀ kí mi. Ó fẹ́ dìde, mo ní kó jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìlà òfìfo dé orí nọ́ńbà rẹ̀. Mo sọ ọ́ bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí, mi ò fi tèmi pamọ́.

Ó wo ọmọ tó wà láyà rẹ̀, ó fi ìka já a lẹ́nu ọmú jẹ́jẹ́, ọmọ náà sì figbe ta. Ó fa bùbá rẹ̀ bo àyà. Ó yí ojú rẹ̀ sápá kan kí èémí rẹ̀ má baà kan ọmọ náà, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì na ọmọ sí mi.

"Ẹ bá mi gbà á, ọkọ mi. Ẹ tètè gbà á lọ́wọ́ mi."

Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí. Mo mọ̀ pé ikọ́ ife kì í ti ara gbígbé ọmọ ran ènìyàn. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé tí a ń pín fún àwọn ará abúlé. Mo fà sẹ́yìn lórí eékún mi. Kò ju ìdajì ẹsẹ̀ kan lọ, ṣùgbọ́n ó rí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú pẹ̀lú ọmọ tó ń ké, ojú rẹ̀ sì wà lójú mi, kò bínú, ó kàn ń wò mí.

Ọmọ mi ló sáré jáde láti inú yàrá, tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó gba ọmọ náà mọ́ra.